Ọkùnrin Tó Wà Lójú Odò Láti Ọdún Mẹ́fà

Òkè-Ìrókò, lẹ́bàá Ìkìrun,
Ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹta, 1938.

Akínwùmí, Àkànní ọmọ mi,

Bí ìwé yìí bá bá ọ lórí ìdúró, jókòó. Bó bá bá ọ lórí ìjókòó, sún mọ́ ìmọ́lẹ̀, kí o sì kà á dópin lẹ́ẹ̀kan náà, má ṣe fi ìdajì rẹ̀ sábẹ́ ìrọ̀rí pé o ó padà wá. Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara ìyàwó mi Stella le? Ọlọ́run tó mú mi kọjá lórí afárá onírin ìlú yín lálọ lábọ̀, tí irin náà kò sì yẹ̀, yóò mú ẹ̀yin náà kọjá ohun gbogbo tó bá ga ju orí yín lọ. Iṣẹ́ kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Ọ̀gá rẹ kò ní jí lọ́jọ́ kan kó sọ pé òun kò mọ̀ ọ́. Stella yóò fi ọwọ́ ọ̀tún gba ọmọ, yóò fi tòsì gba ẹ̀rín. Àmín. Ó tó. Àdúrà tó bá gùn jù, oúnjẹ a máa tutù dè é.

Mo délé láyọ̀, kì í ṣe pé réluwé fẹ́ kí n tètè dé. Ní Mínà, ọkọ̀ dúró, ó dúró, ó dúró bí ẹni tó gbàgbé ibi tó ń lọ. Mo bi wọ́n, wọ́n ní àkókò kò tíì tó. Mo wò ó pé aago ńlá tí wọ́n gbé kọ́ ògiri ni gbogbo wa ń dúró dè. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo lọ bá ọ̀gá ibẹ̀, mo ní, ọ̀gá, aago yìí, ẹ̀yin lẹ gbé e kọ́, ẹ̀yin ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún ọwọ́ rẹ̀ síwájú díẹ̀ kí ọkọ̀ lè rí àyè lọ. Ó wò mí, ó fi ìwé bo ẹnu, ó ní, Ìyá, sai háńkùrí. Ọ̀rọ̀ yẹn náà rèé! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo fi wà lọ́dọ̀ yín, kò sí ẹni tí mo bi ní nǹkan ní Kàdúná tí kò fún mi ní sai háńkùrí, ẹlẹ́ran, aláṣọ, ẹni tó ń ponmi tà, títí kan ìwọ tí mo bí. Wọ́n ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí n ṣe sùúrù. Èmi tí mo ṣe olórí obìnrin mẹ́tàlélógún tí ń ṣa èkùrọ́ ní ilé-ọjà òyìnbó ní Ìkìrun fún ọdún mọ́kànlá! Òyìnbó tó kọ́ mi ní òwò kò fún mi ní sùúrù rí, aago ló fún mi.

Ìròyìn ilé kò pọ̀. Ewúrẹ́ dúdú bí méjì, akọ kan abo kan. Òrùlé ilé ìdáná ti fẹ́ ṣí, mo ti bá Bàbá Matthias káfíńtà wí, ó ní ó di ọ̀la, mo ní ọ̀la wo, ó bá gbé àkàbà lójú ẹsẹ̀. Pásítọ̀ tuntun dé, ó máa ń wàásù fún wákàtí kan àbọ̀. Mo ti lọ bá a sọ̀rọ̀. Ó ti dín in kù.

Ọ̀rọ̀ tó gbé mi dé ìdí ìwé yìí ni ti bàbá rẹ. O mọ̀ pé ojú rẹ̀ ti lọ láti ọdún mẹ́rin. Etí òsì tẹ̀ lé ojú nígbà òjò tó kọjá. Ọ̀tún nìkan ló kù, òun náà sì ti ń di ẹrù rẹ̀. Láàárọ̀ yìí mo kí i lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dáhùn, ohun tó sì dáhùn, mi ò bi í. Nítorí náà, bí mo bá ń kán ọ lójú nínú ìwé yìí, má ṣe sọ pé bí Ìyá ṣe máa ń ṣe náà ni. Ilẹ̀kùn kan ń tì lọ nínú ilé yìí, mo sì fẹ́ kí ohun kan kọ́kọ́ gba ibẹ̀ wọlé.

Jẹ́ kí n rán ọ létí kí o má bàa sọ pé o ti gbàgbé. Kí o tó rí iṣẹ́ réluwé, gbogbo ọjọ́ Àìkú, bí aago mẹ́rin bá ti lù, o máa ń gbé àpótí ìjókòó jáde sábẹ́ igi àgbálùmọ̀, bàbá rẹ á jókòó lápá ọ̀tún, Bàbá Matthias lápá òsì, èmi á gbé atẹ ẹ̀wà jìnnà díẹ̀ bí ẹni pé ẹ̀wà ni mò ń ṣà. Ìwé kan máa ń wà lọ́wọ́ rẹ tí èèpo rẹ̀ ti ya, tí a kò fi mọ orúkọ rẹ̀ títí dòní, o rà á ní Òṣogbo lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ìwé orin. Ìtàn ọkùnrin kan tó ń dé fìlà pupa ni, tí abo ẹṣin rẹ̀ funfun já okùn lọ, tó sì ń wá a kiri láti ìlú dé ìlú. Onífìlà Pupa ni a ń pè é. Lọ́jọ́ Àìkú tí mò ń wí yìí, Onífìlà Pupa wọ ọkọ̀ ojú omi, ó dé àárín gbùngbùn odò, ọkọ̀ sì sán. Kò mọ odò wẹ̀. Ibẹ̀ lo ti pa ìwé dé, o ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bàbá Matthias ní irú ìwà ìkà wo nìyí. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́tà iṣẹ́ dé láti Kàdúná, nígbà tó fi di Ọjọ́bọ̀ o ti di ẹrù, o di ìwé náà mọ́ ọn, a jó, a yọ̀, a sìn ọ́ dé Ìkìrun, kò sì sí ẹni tó rántí Onífìlà Pupa àfi ìgbà tí réluwé fọn fèrè tán. Ọdún mẹ́fà nìyẹn. Ọdún mẹ́fà ni ọkùnrin náà ti wà lójú odò. Bí òjò bá ti ṣú, bàbá rẹ á gbé orí sókè, á ní, Àbẹ̀kẹ́, ṣé ó ti gòkè? Èmi á ní rárá. Á ní, omi á tún kún lónìí o.

Ìdí rèé tí mo fi wá. Mo sọ fún Stella pé ojú yín ló ń wù mí í rí, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òótọ́. Mo dé ní Ọjọ́bọ̀, mo ní níbo ni ìwé wà, o ní, Ìyá, ẹ kú ìrìn, ẹ jẹ́ ká sinmi ná. Ní Àbámẹ́ta o gbé giramafóònù síta. Ní Àìkú ẹ lọ ìpàdé ẹgbẹ́, ẹ fi wákàtí mẹ́rin jiyàn lórí ẹni tó máa di akápò, ẹ padà wálé láìní akápò. Ní Ajé o ní ojú ń ro ọ́. Ọ̀rọ̀ tí o sọ lọ́jọ́ náà ló dùn mí jù: o ní láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ ni o ń kàwé ní ọ́fíìsì, àpò ẹ̀pà mélòó ló wọ ọkọ̀ ẹrù, mélòó ló já sílẹ̀, pé bí o bá délé, lẹ́tà kan ṣoṣo o ò fẹ́ fojú kàn mọ́. Akínwùmí! Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nídìí iyọ̀ ha máa ń jẹ ọbẹ̀ àtẹ́ bí? Èyí tí ò ń kà ní ọ́fíìsì, ti ọ̀gá rẹ ni. Èyí tí ò ń kà lábẹ́ àgbálùmọ̀, tìrẹ ni. Ṣé nítorí pé ẹsẹ̀ ló ń gbé ọ lọ síbi iṣẹ́ ni ẹsẹ̀ kò ṣe ní jó mọ́?

Mi ò bá giramafóònù náà jà o. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo gbé omi tútù síwájú rẹ̀, nítorí ẹni tó ti ń kọrin láti aago méjì láìsinmi, ọ̀fun rẹ̀ á ti gbẹ. Stella rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ṣùgbọ́n orin mẹ́fà péré ló mọ̀. Mo bi ọ́ pé ìgbà wo ló máa kọ́ ìkeje, o tún yí i, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí èkíní.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo rí ìwé. Mò ń gbálẹ̀. Mo rí i pé ẹsẹ̀ kan tábìlì tí àpótí orin wà lórí rẹ̀ kúrú, ẹ sì ti fi nǹkan tì í lábẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fa nǹkan náà yọ, àpótí orin fì, olórin gé ọ̀rọ̀ jẹ lẹ́nu. Ìwé wa ni! Onífìlà Pupa wà lójú odò, ọkọ̀ ti sán, ẹ tún gbé tábìlì lé e lórí. Mi ò pariwo. O sì mọ̀ pé bí mi ò bá pariwo, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ní ilé-ọjà òyìnbó, bí èkùrọ́ bá pọ̀ ju agbára ẹni kan lọ, a kì í sunkún, a máa ń pín in ni. Nílé wa níbí náà, bí oko bá kún fún ẹnì kan, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á gbé ọkọ́ wá bá a ro ó, lọ́la òun náà á lọ bá wọn ro tiwọn, àáró nìyẹn, àwọn bàbá wa ti ń ṣe é kí òyìnbó tó dé. Mo bi Stella pé wákàtí mélòó ni ẹnì kan máa fi ka èyí tó kù nínú ìwé náà, ó ní ó tó méje. Ó parí. Ẹni méje, wákàtí kan. Ó yà mí lẹ́nu pé ẹ̀yin akọ̀wé tí ẹ mọ ìṣirò kò ronú kàn án láti ọdún mẹ́fà. Mo mú ọ̀bẹ, mo já okùn ẹ̀yìn ìwé. Apá tí o ti kà fún wa, mo yọ ọ́ sọ́tọ̀, nítorí a kì í tún ro oko tí a ti ro. Èyí tó kù, mo pín in sí poro méje lọ́gbọọgba, mo fi òwú di ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ní Àbámẹ́ta tí ẹ tètè ṣíwọ́ iṣẹ́, mo ti pe àwọn èèyàn rẹ jọ sí àgbàlá yín ní àdúgbò Doka kí o tó délé: Tìmí tó ń tẹ wáyà, Abdulwahab tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì, Jàmàlúdéènì ará Ìlọrin tó ń ta fìlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé yín, tó sì mọ̀wé ju ìdajì yín lọ, àti akọ̀wé mẹ́ta láti ọ́fíìsì rẹ. Ìwọ ni ìkeje. Mo ti se mọ́ínmọ́ín, mo ti ra fúrá oníwàrà, nítorí a kì í pe àáró kí a má pèsè oúnjẹ. Mo fún kálukú ní poro tirẹ̀. Mo ní kí wọ́n má ṣe sọ̀rọ̀, kí wọ́n má ṣe wo ti ẹnìkejì, aago mẹ́rin ni ká bẹ̀rẹ̀, aago márùn-ún ni ká jẹun, pé ìwọ náà á wá bá wọn ka tiwọn bí ó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. O bo ojú rẹ. Mo rí ọ.

Ìṣẹ́jú márùn-ún kò pé kí àgbàlá tó pa lọ́lọ́. Mò ń rìn láàárín wọn bí mo ṣe ń rìn láàárín àwọn obìnrin èkùrọ́, mò ń wo ọwọ́ ta ló yá. Abdulwahab ló kọ́kọ́ parí, tirẹ̀ ni poro ìkẹyìn. Nígbà tí aago márùn-ún lù, mo pàtẹ́wọ́, mo ní ẹ kú iṣẹ́, iṣẹ́ ti parí, ó yá, ẹ kó o jọ: ṣé Onífìlà Pupa gòkè?

Wọ́n wo ara wọn. Abdulwahab ní, Ìyá, kò sí ọkùnrin kankan nínú tèmi, obìnrin kan ló wà níbẹ̀ tó ní ẹṣin funfun tó ní òun kò tà. Jàmàlúdéènì fò dìde, ó ní ẹṣin wo, ẹṣin náà ti kú, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ bá wọn sunkún rẹ̀ tán ni, Abdulwahab ní irọ́ ni, ẹṣin ń jẹ koríko. Akọ̀wé kan ní kò sí ẹṣin nínú tòun rárá, ẹjọ́ ni wọ́n ń rò níwájú ọba lórí ọkọ̀ tó fọ́, ta ló wá fọ́ ọkọ̀, kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún òun. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í nawọ́ sí ara wọn. Fún mi ní tìẹ kí n wò ó. Má fọwọ́ kàn án, mi ò tíì parí. Gba tèmi kí n gba tìẹ. Jàmàlúdéènì ní kai, ìwọ ọmọ yìí, o ti ń ka ìlà tèmi lórí èjìká mi láti ẹ̀ẹ̀kan. Ẹni méje tó lè ka gbogbo ìwé tó wà ní Kàdúná, kò sí ọ̀kan tó lè sọ fún mi bóyá èèyàn kan ṣoṣo gòkè odò!

Mo yíjú sí Tìmí, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ni poro àkọ́kọ́ wà, odò gan-an. Ó ṣì wà ní ojú-ìwé karùn-ún! Ó kà á, ó rẹ́rìn-ín, ó tún ṣí i padà sẹ́yìn. Mo ní, Tìmí, alágbàṣe wo ló ń ro poro kan lẹ́ẹ̀mejì? Ó ní, Ìyá, ẹ má bínú, mi ò fẹ́ kó tètè tán ni. Mo ti gbọ́ àwáwí lẹ́nu ọ̀lẹ, lẹ́nu aláìsàn, lẹ́nu alárékérekè, mi ò gbọ́ irú ìyẹn rí.

Kò sí ẹni tó rántí mọ́ínmọ́ín. Fúrá kan. Gbogbo wọn ń bẹ̀bẹ̀ apá tí mo yọ sọ́tọ̀, pé wọ́n fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, wọ́n dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, kálukú ní òun ń lọ ilé, kí n sì tó ṣẹ́jú, Jàmàlúdéènì ti fi poro tirẹ̀ sábẹ́ fìlà, àwọn akọ̀wé ti fi tiwọn sápò, Tìmí ti gbé odò lọ. Mo ti bá alágbàṣe tó ń sùn lóko pàdé rí. Mo ti bá èyí tó ń jí iṣu pàdé. Mi ò tíì rí alágbàṣe tó gbé oko lọ sílé.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, mo jí, inú ń bí mi, mo jáde láti bá ọ sọ̀rọ̀ kí ṣọ́ọ̀ṣì tó bẹ̀rẹ̀. O jókòó sórí àtẹ̀gùn, o fi aṣọ bora nítorí ọyẹ́, apá tí o ti kà fún wa ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn wà lórí itan rẹ, ètè rẹ ń mì díẹ̀díẹ̀. Mo ní ẹ kú àárọ̀ o. O ò gbọ́. Mo tún un sọ. O ò gbọ́. Akínwùmí, láti ọjọ́ tí mo ti bí ọ, ọjọ́ kìíní nìyẹn tí o ṣe bí ẹni pé mi ò sí níbẹ̀ tí mi ò sì fi igbá kankan lù ọ́. Mo padà wọlé, mo lọ dáná. Stella bi mí pé kí ló dé tí mò ń rẹ́rìn-ín, mo ní èéfín ni.

Ṣùgbọ́n èéfín kì í yanjú ọ̀rọ̀. Ní Ajé, ọjọ́ tí mò ń lọ, mo jí lọ sílé Tìmí láti gba odò. Ilẹ̀kùn tì. Wọ́n ní wọ́n ti gbé e lọ sí Kafanṣán, ìlú réluwé kan tó jìnnà, láti ìdájí, iṣẹ́ ọba ni, ó gbé àpótí rẹ̀ dání, odò sì wà nínú àpótí. Mo gba kílọ́ọ̀bù àwọn akọ̀wé lọ, níbi tí wọ́n ti ń ti ìwé mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù bí ajigbèsè. Mo ní kí wọ́n yá mi ní ìwé Onífìlà Pupa. Wọ́n ní kí ni orúkọ ìwé náà, mo ní èèpo rẹ̀ ti ya. Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù kan, wọ́n ní ta ni yóò dúró fún mi. Mo ní kí wọ́n kọ Ọlọ́run. Ọkùnrin náà ní Ọlọ́run kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ kílọ́ọ̀bù. Mo ní ó burú fún kílọ́ọ̀bù yín nígbà náà. Ó ní sai háńkùrí. Mo bọ́ síta kí n má bàa fi ọwọ́ mi ba orúkọ rẹ jẹ́ ní ìlú yẹn.

Báyìí ni mo ṣe délé lọ́wọ́ òfo. Bàbá rẹ jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi lára ilẹ̀ ju bó ṣe gbọ́ ọ létí lọ. Kò bi mí nípa ìrìn àjò. Ó ní, Àbẹ̀kẹ́, ṣé ó ti gòkè? Mi ò mọ irọ́ pa, mo pariwo sí etí ọ̀tún pé ó wà ní Kafanṣán. Ó ní, ó jìnnà sí omi tí a fi í sí o.

Láti ìgbà náà, a kò sinmi nínú ilé yìí. Bàbá Matthias ní ọkùnrin náà ti kú, pé òun mọ igi, ọkọ̀ tó bá sán lójú odò kò ní àtúnṣe. Bàbá rẹ ní fìlà pupa kì í kú sómi bẹ́ẹ̀ lásán, ẹni tó kọ ìwé kò ní dárúkọ àwọ̀ rẹ̀ tó bá jẹ́ pé ó máa jù ú nù. Wọ́n jà lórí rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, Bàbá Matthias gbé àkàbà rẹ̀ lọ, ilé ìdáná mi ṣì wà ní ìdajì. Nígbà tó jẹ́ pé Tìmí ń tẹ wáyà, kí ló dé tí kò tẹ odò náà ránṣẹ́ sí Ìkìrun? Mo ti bá ẹni tó jókòó ti wáyà ní Ìkìrun sọ̀rọ̀. Mo ní ojú-ìwé mẹ́rìndínlógún péré ni, pé mo lè dúró níbẹ̀ kí ó máa bọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, pé mo mú àpò wá. Ó ní kí n lọ sinmi.

Wàyí o, mo ní ohun kan láti jẹ́wọ́. Nígbà tí Abdulwahab ju poro tirẹ̀ sílẹ̀ ní àgbàlá pé kò sí ọkùnrin nínú rẹ̀, mo mú un, mo fi sínú àpò mi. Òpin ìwé wà lọ́dọ̀ mi níhìn-ín. O mọ̀ pé ìwé kíkà tí mo kọ́ ní kíláàsì àgbà kò ju ti Bíbélì àti katikísìmù lọ, mo kà á kí wọ́n lè rì mí bọmi, wọ́n sì rì mí, mo pa á tì; ọmọ ilé-ìwé kan ló ń bá mi kọ ohun tí mò ń sọ yìí. Mo yá awò ojú olùkọ́ kíláàsì wa. Mo rò pé awò tó ti kàwé fún ogún ọdún, ọ̀nà á ti mọ́ ọn lára. Kò mọ nǹkan kan, ẹnu ara mi ni mo fi ń kà á, ìka kan lórí ìlà. Lọ́jọ́ kìíní mo ka ìlà mẹ́rin. Lọ́jọ́ kejì, mẹ́fà. Lọ́jọ́ kẹta mo gbé ẹ̀wà kaná, mo jókòó tì í pẹ̀lú ìwé, obìnrin inú ìwé náà ń bá àwọn alágbàtà jà pé òun kò ta ẹṣin, pé ẹlẹ́ṣin ń bọ̀, mo ní, má tà á o, má tà á! Ẹ̀wà jóná. Èmi, Àbẹ̀kẹ́! Bàbá rẹ ní òórùn kí nìyí, imú rẹ̀ kò tíì lọ. Mo ní kò sí nǹkan kan.

Abdulwahab sáré ka poro yẹn, kò rí ọkùnrin níbẹ̀. Èmi tí mo fi ìka kà á, mo rí obìnrin tó ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ níta. Láti ọjọ́ tí ẹ̀wà ti jóná ni mo ti ń kà á láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ó ku ojú-ìwé méjì. Mo fi òwú dì wọ́n pọ̀, kókó mẹ́ta, nítorí a kì í kórè poro tí a kò tíì gbìn. Mi ò ní mọ ẹni tó dé kí n tó mọ bó ṣe gòkè.

Nítorí náà, gbọ́ iṣẹ́ tí mo rán ọ. Àjíǹde ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Kọ̀wé sí Tìmí lónìí, kì í ṣe lọ́la, kó fi odò ránṣẹ́. Gba ti Jàmàlúdéènì lábẹ́ fìlà rẹ̀, bó bá ní òun kò tíì parí, sọ fún un pé èmi ni mo ni ọ̀bẹ. Gba ti àwọn akọ̀wé mẹ́ta, kí o fi tìrẹ kún un. Gán an pọ̀. Gba ìsinmi, kí o wọ réluwé, kí ìwọ àti Stella wá jókòó lábẹ́ àgbálùmọ̀ ní aago mẹ́rin ọjọ́ Àjíǹde, kí o kà á sínú etí ọ̀tún bàbá rẹ, kí o kà á sókè. Ìwọ ní odò, èmi ní òpin. Bí o kò bá gbé odò wá, o kò ní rí òpin gbà lọ́wọ́ mi, mo sì mọ̀ pé o ń fẹ́ ẹ, nítorí Stella kọ̀wé sí mi pé ẹsẹ̀ tábìlì yín ti ń mì, àpótí orin kò kọ ìlà kan gúnrégé mọ́, o ò sì wá nǹkan kan tì í.

Owó tí mo máa tọrọ kò pọ̀. Fi ṣílè mẹ́rin ránṣẹ́ sí mi: epo òyìnbó, nítorí ìka mi kò ríran ní ìrọ̀lẹ́, òwú tó le àti abẹ́rẹ́ ńlá tí a ó fi gán ìwé, ẹ̀wà míràn, èyí tó bá ṣẹ́kù, ti Bàbá Matthias ni, kó lè gbé àkàbà rẹ̀ padà wá. Má ṣe fi aṣọ ránṣẹ́, mo ní aṣọ. Bí o bá rí ìwé míràn tí èèpo rẹ̀ kò ya, tí kò ní ìdánwò lẹ́yìn, mú un dání.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ọkọ̀ rẹ sán. Bó bá sì sán, ẹni tó máa fẹ́ mọ bóyá o gòkè kò ní wọ́n lẹ́yìn rẹ. Ojú rẹ kò ní rẹ̀ sí ohun tó dára. Etí bàbá rẹ yóò dúró dè ọ́. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ, ó ní kí o sọ fún Tìmí kó gbé ìwé náà síbi gbígbẹ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Harriet Àbẹ̀kẹ́.

Ìwé yìí ti fẹ́ wọ àpò kí n tó ṣí i padà. Mo tú kókó kan. Mo tú ìkejì. Ojú-ìwé kan péré ni mo kà, má sọ fún bàbá rẹ. Fìlà pupa kan wà lórí ọgbà níwájú ilé obìnrin náà, wọ́n sá a sóòrùn, omi ṣì ń kán lára rẹ̀. Fìlà ni mo rí, Akínwùmí, mi ò tíì rí orí. Ó ku ojú-ìwé kan àti kókó kan, ọwọ́ mi sì ń yún mi. Má dúró de Àjíǹde. Máa bọ̀.